Ọjọ́ Mẹ́fà Nídìí Tábìlì Blackjack ní Las Vegas

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́ Àìkú

Kí n tó rí ẹrù mi gbà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Harry Reid ni mo ti gbọ́ ariwo tẹ́tẹ́. Àwọn ẹ̀rọ náà tò sí ibi tí èrò ti ń dúró de bàálù, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣẹ́jú, ìyá àgbà kan sì jókòó síwájú ọ̀kan, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há báàgì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè mí níta. Ó gba báàgì ọwọ́ mi, ó ní, "O káàbọ̀. O ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan?" Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n." Ó ní, "Ó dáa. Má fọwọ́ kàn án títí n ó fi sọ pé ó yá."

Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi fi pín káàdì nídìí tábìlì blackjack ní ìlú yìí kí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi là. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú eré yìí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò gidi fi jókòó tì í, tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni ń wá oògùn àìsàn. Ọọ́dúnrún dọ́là ni mo mú wá fún un, mo pín in sínú àpòòwé mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ní kí n ka owó náà sí èyí tí mo ti ná tán. Mo gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó mú mi lọ sí Fremont Street, níbi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Golden Gate, hòtẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀, ti wà láti 1906, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n dá ìlú sílẹ̀. A ò jókòó síbì kankan. Ṣe là ń rìn láti tábìlì dé tábìlì, tí ó ń ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tó bo tábìlì fún òun. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni àwọn ìkọ̀wé náà. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Lórí àwọn kan, wọ́n kọ ọ́ pé blackjack ń san 3 sí 2. Lórí àwọn mìíràn, 6 sí 5 ni.

Bí o bá fi dọ́là 10 lélẹ̀, tí káàdì méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ọ bá jẹ́ éèsì àti mẹ́wàá, blackjack nìyẹn. Tábìlì 3 sí 2 á san dọ́là 15 fún ọ. Tábìlì 6 sí 5 á san 12. Dọ́là mẹ́ta péré, mo ní lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró ná. Blackjack máa ń bọ́ síni lọ́wọ́ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín mọ́kànlélógún (ìpín ni káàdì tí wọ́n pín fúnni lẹ́ẹ̀kan), àwọn tó sì ń ta dáadáa nídìí tábìlì tí òfin rẹ̀ dára kì í pàdánù ju nǹkan bí ààbọ̀ dọ́là lọ lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là tí wọ́n bá ta. 6 sí 5 nìkan ṣoṣo á fi nǹkan bíi dọ́là kan àti ogójì sẹ́ńtì kún un. Gbogbo ohun tí o bá fi ọgbọ́n kọ́ fún oṣù kan, ìlà kan lára aṣọ ti gbà á padà kí o tó jókòó.

Ìlà kejì tó ní kí n máa wò ni èyí tó sọ bóyá dílà, ẹni tó ń pín káàdì fún kàsínò, gbọ́dọ̀ gba káàdì lórí 17 rírọ̀. Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ajé

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti jókòó sí tábìlì rẹ̀ nílé. Ó da páálí káàdì mẹ́fà pọ̀, káàdì 312, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ kàsínò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Mo fẹ́ kí ẹ rí ọwọ́ yẹn. Àtàǹpàkò ló fi ń ti káàdì síwájú, ìka àárín ló fi ń gbà á, káàdì náà á sì yọ́ lọ lórí tábìlì bí ewé tí omi gbé, á dúró síwájú mi gẹ́lẹ́, kò ní wọ́, kò ní ṣí. Ọwọ́ kan náà tó ń dùn ún nìyẹn o.

Káàdì 2 dé 10, iye tó wà lójú wọn ni wọ́n ń jẹ́. Jack, Queen àti King, mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n. Éèsì lè jẹ́ 1, ó lè jẹ́ 11, èyí tó bá ṣe ọ́ láǹfààní. Ìdí nìyẹn tí éèsì àti 6 fi ń jẹ́ 17 rírọ̀: bí o bá gba 10 sí i, éèsì á kàn sọ̀ kalẹ̀ di 1, 17 náà ni o ṣì ní lọ́wọ́, àmọ́ ó ti di líle. Kò sí bí káàdì kan ṣoṣo ṣe lè fọ́ ìpín rírọ̀. Bí dílà bá gbọ́dọ̀ gba káàdì lórí 17 rírọ̀, ó ti ní àǹfààní díẹ̀ sí i lórí wa, nǹkan bí ogún sẹ́ńtì lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé 21 là ń wá. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni. Dílà la fẹ́ nà. Bí mo bá dúró sórí 12, tí mi ò gba káàdì mọ́, tí dílà kọjá 21, tí ó fọ́, èmi ni mo jẹ. Dílà kò sì ní ìpinnu kankan tirẹ̀. Bí káàdì rẹ̀ kò bá tíì pé 17, ó gbọ́dọ̀ gbà sí i. Bí ó bá ti pé, àfi ti 17 rírọ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ dúró. "Àwọn èèyàn á máa wò mí bí ẹni pé mo ń bá wọn jà," ẹ̀gbọ́n ní. "Èmi náà ń tẹ̀ lé òfin ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mò ń gbàdúrà fún wọn nínú."

Mo wá bi í pé, bó bá jẹ́ pé dílà ò lè ronú, tí èmi lè ronú, báwo ni kàsínò ṣe wá ń jẹ wá? Ó pín káàdì méjì fún mi, 10 àti 5, ó pín fún ara rẹ̀ náà. Mo gbà sí i, Queen dé, mo fọ́. Ó kó káàdì mi, ó kó owó mi. Lẹ́yìn náà ló ṣí tirẹ̀, òun náà gbà, òun náà fọ́. Ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì la fọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ fọ́, owó mi sì ti wọ àpótí kí tirẹ̀ tó fọ́. Ibẹ̀ ni kàsínò ti ń jẹun. Kò sí àṣírí mìíràn.

Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìlànà yòókù ti wá. Káàdì kan tí dílà ṣí sílẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò kí a tó wo tiwa. Bí ó bá ṣí 2 dé 6, òun ni ọ̀ràn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó bá ṣí 6, nǹkan bí ìgbà 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa fọ́. Nítorí náà bí èmi bá wà láàárín 13 sí 16, kí n dúró, kí n jẹ́ kí ó fọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣí 7 sókè, kí n gbà títí n ó fi pé 17, bí ó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. 12 ní tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: àfi bí dílà bá ṣí 4, 5 tàbí 6 ni ká dúró lé e lórí. Bí mo bá ní 11, kí n fi owó kún owó, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí n gba káàdì kan ṣoṣo. Bákan náà ni 10, bí dílà ò bá ti ṣí 10 tàbí éèsì. Éèsì méjì, kí n pín wọn sí ìpín méjì, kí n fi owó kejì sí i. 8 méjì, kí n pín wọn, nítorí 16 ni ìpín tó burú jù nínú eré yìí. 10 méjì, kí n má ṣe pín wọn láé, 20 ni wọ́n.

Éèsì àti 7 ló fẹ́ pa mí. Mo ní 18, dílà ṣí 9, mo ní mo dúró. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Ó tún un pín, mo tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ojú mi ń rí 18, ọkàn mi sì ń sọ pé 18 dára. Ó ní 18 dára síwájú ta ni? Síwájú 9, ibi tí dílà ń lọ jù ni 19. Ó sì jẹ́ pé 18 rírọ̀ ni, kò lè fọ́. Gbà á.

Lẹ́yìn tí a sinmi lọ́sàn-án, ó kọ́ mi ní ti ìdójútòfò. Bí dílà bá ṣí éèsì, á bi yín bóyá ẹ fẹ́ ra á, ìyẹn ni pé kí ẹ fi ìdajì owó yín tẹ́tẹ́ pé mẹ́wàá ló wà lábẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á san 2 sí 1. Orúkọ náà dùn létí. Ẹ̀gbọ́n yọ káàdì mẹ́tàlá, láti éèsì dé King, ó dojú wọn bolẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n fi dọ́là márùn-ún ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ṣí wọn. Mẹ́rin péré ló jẹ́ mẹ́wàá. Mo rí 40 gbà lórí mẹ́rin yẹn, mo pàdánù 45 lórí mẹ́sàn-án yòókù. A tún tò ó, a tún ṣí i, nítorí mo fẹ́ràn bí ó ṣe hàn gbangba. Dọ́là márùn-ún ló ń sọnù ní gbogbo ìgbà.

Igba ìpín la ta kí alẹ́ tó lẹ́. Mo ṣi mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí a parí, ẹ̀gbọ́n dìde, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ pẹ́, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó yí i sílẹ̀, kó tó kúrò nídìí tábìlì. Báyìí ni dílà ṣe ń fi han kámẹ́rà pé òun ò mú ṣíìpù kankan lọ, àwọn àmì roboto tí wọ́n ń fi ta dípò owó. Kò sí kámẹ́rà nínú ilé rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣe é.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A ò ta káàdì púpọ̀ lónìí. Ọgọ́rùn-ún ìpín láàárọ̀, mo ṣi mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n ní ó ń wọ̀ ọ́ lára.

Ó sọ ibi tí ìlànà tí mò ń kọ́ ti wá fún mi. Àwọn sójà Amẹ́ríkà mẹ́rin ni, Roger Baldwin, Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott, tí wọ́n wà ní àgọ́ ológun Aberdeen ní Maryland. Ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ni wọ́n lò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣírò gbogbo ìpín pẹ̀lú gbogbo káàdì tí dílà lè ṣí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1956 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò-oníye ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn wọn ni Edward Thorp, onímọ̀ ìṣirò, fi kọ̀ǹpútà IBM 704 ní yunifásítì MIT wá a síwájú, tó sì kọ ìwé rẹ̀ ní 1962, tó fi hàn pé bí káàdì ńlá bá ṣẹ́ kù púpọ̀ nínú àpótí tí dílà ti ń fa káàdì, ẹni tó ń ta ló ní àǹfààní. Kíka káàdì nìyẹn. Kò lòdì sófin ní Nevada bí orí rẹ bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n kàsínò lè ní kí o dìde kí o máa lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun máa ń dá wọn mọ̀: ojú wọn kì í kúrò lára káàdì tó ti lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni Wilbert Cantey. Aláwọ̀ dúdú ni. Ní ọdún tí iṣẹ́ wọn jáde, kàsínò orí Strip, òpópónà àwọn kàsínò ńlá, kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó sí tábìlì. Àwọn olórin dúdú á kọrin fún wọn lórí pèpéle, wọn ò sì ní jẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣí ìdí eré yìí fún gbogbo ayé, wọn kì bá tí gbà á láyè níbi tí wọ́n ti ń ta á.

Ní ọ̀sán, a lọ sí Neon Museum, níbi tí wọ́n ń kó àwọn àmì iná àtijọ́ pamọ́ sí. A dúró pẹ́ níwájú àmì Moulin Rouge, lẹ́tà pupa tó rọ̀ bí ìkọ̀wé ọwọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ṣí ní oṣù karùn-ún 1955 ní Westside, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, òun ni kàsínò àkọ́kọ́ ní Las Vegas tí dúdú àti funfun ti jókòó pọ̀, kò sì pé oṣù mẹ́fà tó fi tì. Ṣùgbọ́n inú ilé yẹn náà ni wọ́n ti fẹnu kò ní oṣù kẹta 1960 pé kàsínò orí Strip yóò ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn. Betty Willis, obìnrin tó ya àmì náà, ni ó ya èyí tó ń kí àlejò káàbọ̀ sí ìlú yìí ní 1959. Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wọ aṣọ dílà, ibẹ̀ ni ọkàn òun wà, ní oṣù kẹta 1960. Mi ò mọ ohun tí n bá sọ. A jọ dúró.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́rú

Ó ní ó yá.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la wọ kàsínò kan ní Fremont Street, nítorí àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni tábìlì kì í kún, tí dílà sì máa ń ní sùúrù. Dọ́là 10 ló kéré jù. Mo ka aṣọ: 3 sí 2. Mo jókòó sí àga ìgbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo fi owó àpòòwé kìíní na obìnrin tó ń pín káàdì. Kò gbà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka tọ́ka sórí aṣọ. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni. Kí ó wà lórí tábìlì kí kámẹ́rà rí i. Mo fi lélẹ̀. Ó tẹ́ ogún dọ́là márùn-ún náà bí ẹní, ó pe alábòójútó, ìyẹn mi orí, ó sì ti ogún ṣíìpù pupa sọ́dọ̀ mi. Pupa jẹ́ dọ́là 5, àwọ̀ ewé jẹ́ 25, dúdú jẹ́ 100. Ṣíìpù wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Etí rẹ̀ ní ilà fínnífínní tó ń họ ìka.

Káàdì àkọ́kọ́ dé, mo na ọwọ́ láti gbé e. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án." Bí wọ́n bá ti ṣí ojú káàdì sókè, tiwọn ni, ojú nìkan la fi ń wò ó. Ìka la sì fi ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ káàdì sí i, kí n fi ìka kan aṣọ. Bí mo bá fẹ́ dúró, kí n gbá àtẹ́lẹwọ́ lórí afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Mo sọ ọ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kò mira, ó ń wo ọwọ́ mi. Kámẹ́rà òkè kò ní etí.

Wákàtí àkọ́kọ́ dùn. Mo ní 15, ó ṣí 6, mo gbá afẹ́fẹ́, ó ṣí 10 lábẹ́, ó gba 9, ó fọ́. Àyà mi ń lù. Ó yá mi lára láti wo ẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mi ò wò ó.

Lẹ́yìn náà ni 12 dé, ó ṣí 3. Ìlànà ní kí n gbà. Mo kan aṣọ. King. Mo fọ́. Dílà ṣí 10 tirẹ̀, ó di 13, ó gba 5, ó di 18, ó sì kó owó gbogbo wa. Ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún mi fi ọwọ́ gbá etí tábìlì. Ó ní èmi ni mo gba káàdì tí ì bá fọ́ dílà, pé ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ta kò yẹ kó jókòó sí àga ìgbẹ̀yìn. Òótọ́ ni pé bí mo bá dúró, King yẹn ni dílà ì bá gbà, 23 ì bá sì fọ́ ọ. Ojú tì mí gan-an. Mo ta ìpín méjì sí i láìgbádùn rẹ̀, mo dìde. Dọ́là 75 ló kù nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé inú ọkọ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé 9 lo gbà, tó o di 21, tí King wá fọ́ dílà, ṣé ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ?" Mo ní rárá. "Kò sẹ́ni tó mọ bí káàdì ṣe tò nínú àpótí. Gbígbà rẹ á gbà wọ́n là nígbà kan, á pa wọ́n lára nígbà mìíràn, bákan náà ni. 12 síwájú 3, kí lo máa ṣe?" Mo ní n ó gbà. "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé King ló dé?" Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo rò ó dáadáa, torí mi ò fẹ́ kàn dáhùn lásán. Káàdì mẹ́rin nínú mẹ́tàlá ló lè fọ́ 12. Mẹ́sàn-án kò lè fọ́ ọ. Mo ní, "N ó gbà, ẹ̀gbọ́n." Ó tan ọkọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́bọ̀

Mo kọ èyí ní aago mẹ́ta òru, ó sì ń dùn mí.

Mo dá jáde ní alẹ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé mo fẹ́ wo omi tó ń jó níwájú hòtẹ́ẹ̀lì Bellagio, mo sì wò ó lóòótọ́. Láti ibẹ̀ ni mo wọ kàsínò mìíràn lórí Strip. Èrò pọ̀, orin ń dún, àga kan ṣí sílẹ̀ ní tábìlì dọ́là 15, mo sì fò jókòó kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Mi ò ka aṣọ.

Mo ta dáadáa. Dọ́là 15 wà lórí ọgọ́rùn-ún tí mo mú wá nígbà tí éèsì àti Queen bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti ń ka dọ́là 22 àti ààbọ̀ sílẹ̀ lọ́kàn. Dílà ti dọ́là 18 sọ́dọ̀ mi. Mo wolẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gàdàgbà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi: 6 sí 5.

Ó yẹ kí n dìde. Inú bí mi dípò bẹ́ẹ̀. Mo fi 30 lélẹ̀, mo pàdánù rẹ̀. Mo fi 45, mo pàdánù rẹ̀. Dọ́là 58 ló ṣẹ́ kù, mo tì í síwájú lódindi, mo ní 18, dílà ní 20. Ìpín mẹ́ta. Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mi ò ṣi ìlànà kankan nínú ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó ń gún mi lọ́kàn nìyẹn: káàdì ni mo kọ́, mi ò kọ́ ọwọ́ tó ń gbé owó kalẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n. Ó wá gbé mi, aṣọ orun ló wọ̀ sábẹ́ kóòtù. Kò bá mi wí. Ó sọ fún mi nípa aago mẹ́rin òru nídìí tábìlì, nípa àwọn tí òun ti pín káàdì fún tí wọn kì í wo káàdì mọ́, tí wọ́n kàn ń ti ṣíìpù. Ó ní wọ́n á wọlé pẹ̀lú ìgboyà, wọ́n á mọ ìlànà dáadáa ju èmi lọ, àmọ́ bí ìbínú bá ti wọ̀ wọ́n lára, ìlànà ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n àwọn ojú wọ̀nyẹn ni òun ń rí lálàá. Nígbà tó sọ ìyẹn, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní bí mo bá tún rí i pé mo fẹ́ gba owó padà lọ́wọ́ tábìlì, kí n gbé àpò mi, kí n máa bọ̀ nílé, kò sí aago tí òun ò lè wá gbé mi.

Kí n tó sùn, mo ṣe ìṣirò kan sẹ́yìn àpòòwé tó ṣófo. Nǹkan bí àádọ́rin ìpín ní wákàtí kan, dọ́là 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 1,050. Nídìí tábìlì 3 sí 2 tí òfin rẹ̀ dára, nǹkan bíi dọ́là márùn-ún ni kàsínò ń retí lórí mi ní wákàtí kan. Nídìí 6 sí 5, nǹkan bí ogún. Ó wọ̀ mí lọ́kàn. Ìlà kan lára aṣọ ni.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́ Ẹtì

Bàálù mi ń lọ ní alẹ́. A padà sí Fremont Street láàárọ̀, tábìlì kan náà, obìnrin kan náà. Mo ka aṣọ sókè kí ẹ̀gbọ́n gbọ́. Mo fi àpòòwé kẹta lélẹ̀ lórí tábìlì, mi ò fi na ẹnikẹ́ni. Dọ́là 10, dọ́là 10, mi ò yà sọ́tùn-ún, mi ò yà sósì.

8 méjì dé, dílà ṣí 10. Ẹ̀rù bà mí, nítorí láti pín 8 síwájú 10, owó kejì ni wàá tún fi sínú ewu. Mo fi ṣíìpù pupa méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì àkọ́kọ́, mo fi ìka méjì hàn. Ó ya wọn sọ́tọ̀. 3 bọ́ sórí 8 àkọ́kọ́: 11. Ìlànà ní kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo tún fi pupa méjì kún un. Owó tó jẹ́ 10 ti di 30 kí n tó mí. Ó fi 9 dá a: 20. King bọ́ sórí 8 kejì: 18, mo gbá afẹ́fẹ́. Dílà ṣí tirẹ̀, 9, ó ní 19. Mo pàdánù 10, mo jẹ 20. Obìnrin náà to ṣíìpù síwájú mi ní ọwọ̀ọ̀wọ́, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ ta á dáadáa." Kò sí ohun tí wọ́n sọ fún mi nínú ìlú yìí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, éèsì àti 7, ó ṣí 9. Mo kan aṣọ láìronú. 3. Mo ní 21, ó ní 19.

10 àti 6 dé náà, ó ṣí 10. Tábìlì yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn juwọ́ sílẹ̀ kó gba ìdajì owó rẹ̀. Gbà o, dúró o, nǹkan bí ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wàá pàdánù ìpín yẹn. Gbígbà ló kàn fi díẹ̀ sàn jù. Mo kan aṣọ. Jack. Mo fọ́. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń kó káàdì mi lọ, mo sì wá ìbínú àná nínú ara mi, mi ò rí i. Mo fi dọ́là 10 mìíràn lélẹ̀.

Mo fi ṣíìpù pupa kan sílẹ̀ fún dílà, mo gbé ìyókù lọ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀ sí owó. Dọ́là 135. Pẹ̀lú 75 ti Ọjọ́rú, 210 ni mo gbé padà nínú 300.

Lójú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀gbọ́n ò tan rédíò. Ó kàn ń bi mí, ojú rẹ̀ wà lọ́nà.

"9, dílà ṣí 3?"

"Ìlọ́po méjì."

"5 méjì, ó ṣí 6?"

"Mi ò pín wọn. 10 ni, ìlọ́po méjì."

"Ó ṣí éèsì, ó fi ìdójútòfò lọ̀ ọ́?"

"Mi ò rà."

Iná pupa dá wa dúró. Ó yíjú sí mi.

"12, dílà ṣí 3?"

"Mo gbà á."